Ìbọ̀sẹ̀ Lásán Ni Mò Ń Hun, Mi Ò sì Tà Á

Bí ẹnikẹ́ni nínú àwa Yorùbá tó wà ní Leeds níbí bá ti rí abẹ́rẹ́ àti òwú lọ́wọ́ mi, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Èló lẹ ń tà á?" Tí mo bá ní mi ò kì í tà á, wọn a wò mí títí. Ẹni tó bá sún mọ́ mi nínú wọn á wá fi kún un pé, "Pẹ̀lú gbogbo wàhálà iṣẹ́ yín yìí, ibo lẹ ti ń ráyè?" Ìbéèrè méjèèjì yẹn ni mo fẹ́ dáhùn, torí ó dá mi lójú pé ìdí kan náà ni wọ́n ti wá. A ti gbà láàárín ara wa pé ohun tí kò bá ti mówó wọlé, ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ dilẹ̀ nìkan ló lè máa ṣe é. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ọwọ́ mi bá dí jù lọ lọ́dún ni mo máa ń hun ìbọ̀sẹ̀ jù, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tí iṣẹ́ ń pa bíi tèmi gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, bí oṣù Kọkànlá bá ti wọlé, títí di nǹkan bí oṣù Kẹta, wọ́ọ̀dù a máa kún fọ́fọ́. Àwọn àgbàlagbà tí òtútù ti wọ̀ láyà, àwọn tó yọ̀ ṣubú lórí yìnyín tí egungun ìbàdí wọn kán, àwọn tí ara wọn ti yá tán ṣùgbọ́n tí kò sẹ́ni tó máa tọ́jú wọn nílé, tí a ò sì lè ní kí wọ́n máa lọ. Wákàtí 12 ni ṣíìfù kan, ìdí kì í sì í balẹ̀. Nínú àkókò yẹn gan-an lọ́dún tó kọjá ni bàbá ọkọ mi jáde láyé l'Ábẹ́òkúta. Ìpàdé ẹbí bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù lálaalẹ́: ta ni yóò ra màlúù, aṣọ wo la máa dá, ta ló máa lọ san owó kánópì. Ọmọ mi obìnrin náà ń múra ìdánwò àṣekágbá lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti wà nírú ipò yẹn rí mọ̀ pé kì í ṣe agbára ara nìkan ló ń tán, ọkàn gan-an a máa fọ́n ká. Èèyàn á dìde wọ kíṣìnì, kò ní rántí ohun tó wá mú níbẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ìbọ̀sẹ̀ wúlò fún mi jù. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ìbọ̀sẹ̀ lásán ni mo wí. Òwú aláwọ̀ kan, kò lọ́nà lára, kò ní àwọ̀ méjì tó ń lọ́ mọ́ra. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ fíìfíì. Àwọn iṣẹ́ olónà wẹ́wẹ́ ló fẹ́ràn, èyí tó gbọ́dọ̀ máa wo ìwé lórí gbogbo ìlà. Bí ọwọ́ ẹ̀ bá ti dí báyìí, ó parí nìyẹn, yóò ká iṣẹ́ náà sínú báàgì, nígbà tó bá sì fi máa pa dà débẹ̀, kò ní mọ ibi tó bá a dé mọ́. Mo máa ń sọ fún un pé ọnà ò sá lọ, kó fi í de ìgbà ìsinmi. Iṣẹ́ tó bá ìgbà ìdààmú mu ni èyí tí ọwọ́ lè ṣe láì bi orí léèrè, tí èèyàn lè dá dúró láàárín ìlà kó sì tún bẹ̀rẹ̀ láì pàdánù ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò ṣe é rí. Abẹ́rẹ́ 5 ni, tẹ́ẹ́rẹ́, tó ṣóńṣó lórí méjèèjì, èyí tí mò ń lò kò nípọn ju mílímítà 2.5 lọ. Ojú òwú 64 ni mo máa ń dá fún ẹsẹ̀ àgbàlagbà, màá pín in sórí abẹ́rẹ́ 4, ojú 16 sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Abẹ́rẹ́ karùn-ún ni òṣìṣẹ́. Yóò hun gbogbo ojú tó wà lórí àkọ́kọ́ kúrò síra ẹ̀, èyí tó wá ṣófo ni yóò gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Níbi ẹnu, èèyàn á máa hun ojú méjì ní plain, ojú méjì ní purl, ìyẹn oríṣi ìhun méjì tí a ń lò, tó bíi sẹ̀ǹtímítà 5, kí ó lè di ẹsẹ̀ mú. Lẹ́yìn ìyẹn, plain nìkan ló kù, roboto roboto, títí yóò fi dé ọrùn ẹsẹ̀. Ibi gígùn yẹn gan-an ni mo ń wí, ibi tí kò sóhun tí èèyàn ń kà, tí kò sì sóhun tí èèyàn ń yí pa dà sí. Bọ́ọ̀sì láti Seacroft tí mò ń gbé máa ń gbéra nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́. Iná inú ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, gíláàsì fèrèsé a sì ti kún fún èémí àwọn èrò. Mi ò nílò iná. Ìka mi ló ń ríran. Àtàǹpàkò òsì ń ti ojú òwú kan síwájú, ìka ìlábẹ̀ ọ̀tún ń sọ òwú yí ṣóńṣó abẹ́rẹ́ ká, á fà á yọ, á jù ú sílẹ̀, ó tún di òmíràn. Kí n tó dé ibi iṣẹ́, ìyípo mélòó kan á ti wọlé. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Gìgísẹ̀ ló ń béèrè ojú àti iye jù. Ìdajì àwọn ojú náà, 32, la ó mú, la ó máa hun ní àlọ àtàbọ̀ títí yóò fi di ègé onígun mẹ́rin kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni yíyí gìgísẹ̀, èmi ò sì tíì rí ohun tó dùn mọ́ mi nínú tó o nínú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́. A ó hun kọjá àárín díẹ̀, a ó fi ojú méjì ṣe ọ̀kan, a ó hun ọ̀kan sí i, a ó yí iṣẹ́ pa dà kí ìlà náà tó parí. A ó ṣe bákan náà lódìkejì. Àlàfo kékeré kan á hàn níbi tí a ti yí pa dà, ìlà tó tẹ̀ lé e á wá fi ojú méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo náà ṣe ọ̀kan, á dí i. Aṣọ tó tẹ́ pẹrẹsẹ tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣù, á kó inú, á di bí ìdí igbá kékeré lójú ẹni, láì lo sísọ́ọ̀sì, láì rán an. Mi ò kì í yí gìgísẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ọjọ́ tí mo bá sinmi nílé ni mò ń ṣe é, lórí tábìlì kíṣìnì, nígbà tí ìrẹsì bá wà lórí iná. Ìdí nìyẹn tí ìbọ̀sẹ̀ méjì fi máa ń wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó ti dé gìgísẹ̀ ń dúró nílé, èyí tó ṣì wà lójú gbọọrọ ń bá mi jáde. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ dí kò gbọ́dọ̀ máa gbé ibi tó le kiri ìgboro.

Ẹ ó ní, ṣé fóònù ò tó ni? Èmi náà ń lo fóònù, orí ẹ̀ la ti ṣètò ìsìnkú bàbá wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ṣùgbọ́n mo ti kíyè sí ohun tí fóònù ń fi àlàfo kéékèèké inú ọjọ́ mi ṣe. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ibùdókọ̀, màá ti gbọ́ pé wọ́n jí èèyàn gbé lójú ọ̀nà, màá ti rí ilé tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, màá ti ka èébú láàárín ẹni méjì tí mi ò mọ̀ rí. Ẹrù ẹlẹ́rù ni mo máa gbé wọ wọ́ọ̀dù, níbi tí àwọn tó ní ẹrù tiwọn ti ń dúró dè mí. Ìbọ̀sẹ̀ kì í sọ nǹkan kan fún mi. Nínú ìpàdé ẹbí pàápàá, ó ṣe mí lóore. Nígbà tí ọ̀rọ̀ màlúù ń le, tí àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi méjì ń gbóhùn sókè síra wọn, mo gbé fóònù ti ìkòkò tíì, ọwọ́ mi ń lọ. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n sọ ju bí mi ì bá ṣe gbọ́ lọ ká ní mo kàn jókòó tí mò ń wá ibi tí màá gbà dá sí i. Ìyàwó ni mí nínú ilé yẹn, kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló kàn mí láti fèsì sí. Ọwọ́ tó níṣẹ́ nílẹ̀ a máa bá ẹnu mú sùúrù.

Àwọn tó ń gbé apá ibí yìí láyé àtijọ́ mọ ohun tí mò ń wí. Abúlé kan wà tó ń jẹ́ Dent, nínú àfonífojì láàárín àwọn òkè apá àríwá. Yorkshire ni wọ́n ń kà á mọ́ títí di 1974 tí wọ́n fi pín in sí Cumbria. Ní sẹ́ńtúrì kejìdínlógún sí ìkọkàndínlógún, tọkùnrin tobìnrin tọmọdé ló ń hun ìbọ̀sẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń hun bí wọ́n ti ń da ẹran, wọ́n ń hun bí wọ́n ti ń rìn lọ sọ́jà. Igi gbígbẹ́ kékeré kan tó nihò lórí ni wọ́n ń kì bọ ìgbànú, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ kan gún inú ihò náà kó má baà mì, ìyẹn ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ yá lọ́wọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ ìgbà òtútù, aládùúgbò á kóra jọ sílé ẹnì kan, kí wọ́n lè jọ lo iná àti àtùpà kan ṣoṣo, wọ́n á máa pa ìtàn, wọ́n á máa hun. Ọkọ̀ ojú irin ń dé tòsí ibẹ̀ láti Leeds, mo ti débẹ̀, mo sì rìn lórí òkúta ojú pópó wọn. Inú mi dùn pé nínú ilẹ̀ òtútù tí mo wá ṣiṣẹ́ sí yìí, àwọn kan ti wà rí tí iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ìbọ̀sẹ̀ ò dí ara wọn lọ́wọ́.

Òótọ́ ni pé àwọn ará Dent ń ta tiwọn. Ìṣẹ́ ló lé wọn dé ìdí ẹ̀, mi ò sì ní fi ìṣẹ́ ẹlòmíì ṣe ẹwà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ títà yìí kalẹ̀ ká ṣírò ó. Ìbọ̀sẹ̀ kan péré, mo máa ń lò tó wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá lórí ẹ̀. Ẹ ṣe é ní méjì. Owó iṣẹ́ tó kéré jù tí òfin ilẹ̀ yìí gbà kí wọ́n san fún àgbàlagbà ti kọjá pọ́n-ùn 11 fún wákàtí kan. Ká tó wá ra òwú, ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ méjì kò ní dín ní pọ́n-ùn 180, bẹ́ẹ̀ ìbọ̀sẹ̀ ilé iṣẹ́ tó dáa ò ju pọ́n-ùn mélòó kan lọ. Ìjà ọwọ́ àti ẹ̀rọ yìí ti tán tipẹ́. Ní 1589 ni William Lee, ará Calverton lẹ́bàá Nottingham, ṣe ẹ̀rọ ìhunbọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní kọ̀, kò fún un ní ìwé àṣẹ, nítorí àwọn tálákà tí ń fi ọwọ́ hun tí oúnjẹ yóò bọ́ lẹ́nu wọn. Ọkùnrin náà kó ẹ̀rọ ẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Faransé, ibẹ̀ ló sì kú sí. Ẹ̀rọ náà ò bá a kú. Torí náà, ẹni tó bá ní kí n sọ ìbọ̀sẹ̀ mi di òwò ń ní kí n máa ta wákàtí mi ní ọ̀pọ̀, lẹ́yìn tí mo ti ta méjìlá lójúmọ́ fún ilé ìwòsàn.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ títà yìí nìyí: lọ́jọ́ tí mo bá gba owó oníbàárà, ìbọ̀sẹ̀ náà ti ní gbèdéke nìyẹn. Yóò di ohun tí wọ́n ń pè mí sí. Yóò di ṣíìfù kejì. Láàárín àwa tó wà nílùú òyìnbó pàápàá, a ti sọ gbogbo ohun tí ọwọ́ wa mọ̀ di òwò àfikún: ẹni tó mọ irun dì ń dì í fówó, ẹni tó mọ púfúpúfú dín ń gba ọ́dà, ẹni tó lóhùn orin ń kọrin lóde àríyá. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí, owó ilé ò sùn. Mo kàn ń sọ pé ó yẹ kí ohun kan ṣoṣo kù lọ́wọ́ èèyàn tí kò sẹ́ni tó lè bi í pé, "Ọjọ́ wo ló máa jáde?"

Àwọn tí mò ń hun ún fún wà, wọ́n sì mọ̀ pé mi ò ní gbowó. Ìyá ọkọ mi ló wà níwájú. Ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá màmá fínra tipẹ́, ẹsẹ̀ wọn méjèèjì kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ nǹkan mọ́, nígbà ọyẹ́ wọ́n á sì máa sọ pé òtútù ń mú àwọn láti orúnkún sísàlẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó wà nínú mi ló hun ìbọ̀sẹ̀ yẹn. Mi ò jẹ́ kí ẹnu ẹ̀ fún wọn, torí rọ́bà tó wà lẹ́nu ìbọ̀sẹ̀ ọjà a máa fi àpá yí ẹsẹ̀ tó ti wú ká, kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rìn dáadáa. Àwọ̀ funfun ni mo lò, kí ẹni tó bá ń bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ wọn lè tètè rí ẹ̀jẹ̀ tàbí ọyún, nítorí màmá lè tẹ ìṣó mọ́lẹ̀ kí wọ́n má mọ̀. Níbi orí ìka, mi ò rán an pọ̀ kó di kókó, abẹ́rẹ́ ìránṣọ ni mo fi ń mú ojú òkè àti ojú ìsàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ibi tí wọ́n ti pàdé lè tẹ́ bí ibi yòókù, torí kókó kékeré tó ń ha ìka lè di egbò lẹ́sẹ̀ onítọ̀ ṣúgà. Wúùlù irun àgùntàn á gbóná jù fún Abẹ́òkúta, òwú tí a ń gbìn lóko ni mo fi hun tiwọn. Mo tún kìlọ̀ fún ọmọ tó ń bá wọn gbé pé kó má gbé omi gbígbóná tàbí iná ẹ̀édú sún mọ́ ẹsẹ̀ yẹn nítorí pé òtútù ń mú màmá. Ìbọ̀sẹ̀ ni kó wọ̀ fún wọn, kó sì máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ìka wọn lójoojúmọ́.

Ẹ ò lè rí irú ìbọ̀sẹ̀ yẹn rà ní wẹ́rẹ́ lọ́jà Kútọ̀ tàbí Ìtòkú, ká tiẹ̀ lówó lọ́wọ́. Inú ìgbà tí ìsìnkú, ṣíìfù àti ìdánwò pàdé ni mo hun ún. Ká ní mo ní kí gbogbo ẹ̀ rọlẹ̀ ná ni, ẹsẹ̀ màmá ì bá ṣì wà lásán.

Àwọn ọkùnrin kan á ti ní ọ̀rọ̀ obìnrin nìyí. Kí wọ́n lọ sí Ìsẹ́yìn, kí wọ́n wo ẹni tó jókòó sídìí òfì. Ní erékùṣù Taquile, lórí adágún Titicaca ní Peru, ọkùnrin ló ń hun fìlà tí wọ́n ń dé, láti kékeré ni wọ́n sì ti ń kọ́ ọ. Àjọ UNESCO kéde iṣẹ́ ọwọ́ wọn ní 2005 gẹ́gẹ́ bí ogún tó kan gbogbo ayé. Ọmọ mi ọkùnrin náà mọ ọ́n hun. Ó máa ń hun ún tó bá ń wo bọ́ọ̀lù.

Èmi fúnra mi, ọwọ́ ìgbálẹ̀ ni mo fi kọ́ ọ, nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí a jọ jẹ́ ojúgbà á rántí. Olùkọ́ á ní kí a mú ọwọ́ ìgbálẹ̀ tó le méjì wá láti ilé, ká fi abẹ ha á kó jọ̀lọ̀, ká ra wúùlù kékeré kan. Ojú 20 la ó dá, plain la ó máa hun títí yóò fi di ìrépé aṣọ, lẹ́yìn náà ni purl. Lónìí, mo ń gbọ́ látẹnu àwọn àbúrò mi tó wà nílé pé nígbà tí ilé ìwé bá ní kí ọmọ mú iṣẹ́ ọwọ́ wá, òbí ló ń sáré lọ sọ́jà lọ ra ìgbálẹ̀, agbọ̀n tàbí aṣọ ìnulẹ̀ tí ẹlòmíì ṣe, ọmọ á gbé e lọ, olùkọ́ á fún un ní máàkì. Ọmọ ò kọ́ nǹkan kan, òbí sì ti náwó. Mo bẹ ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwé tó ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ dá a pa dà. Píríọ́dù kan láàárín ọ̀sẹ̀ ti tó, tọkùnrin tobìnrin, ọwọ́ ìgbálẹ̀ méjì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n hun ún ní kíláàsì lójú olùkọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì gbà á lọ́wọ́ wọn fi ṣe àfihàn tàbí kó tà á lọ́jọ́ ayẹyẹ ìparí ọdún. Kí ọmọ mú ohun tó hun lọ sílé, kó fún ẹni tó bá wù ú.